Ilé Tí Òjò Kò Wó

Wọ́n ń wá òkú Fáyọ̀kẹ́.

Òjò tó rọ̀ mọ́jú ti dá, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ṣì ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn. Níbi tí ilé ìyá àgbà náà wà lánàá, létí ọ̀nà ọjà ní Ìlá Ọ̀ràngún, òkìtì amọ̀ pupa ló kù, pẹ̀lú ògiri iwájú tó dá dúró bí eyín kan ṣoṣo lẹ́nu arúgbó. Páànù orí ilé ti ká kò sórí òkìtì náà. Àwọn ọkùnrin ń fi ṣọ́bìrì kó amọ̀. Àwọn tí kò ní ṣọ́bìrì ń fi èékánná họ ọ́. Àwọn obìnrin káwọ́ lérí. Kò sẹ́ni tó ń pariwo. Ẹni tó ń wá èèyàn lábẹ́ ilẹ̀ kì í pariwo, etí ló máa ń ṣí sílẹ̀, bóyá yóò gbọ́ ìmí.

Tinúadé Akínlabí dúró sẹ́yìn wọn, ó ń wò. Iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló fi jẹun títí ó fi fẹ̀yìn tì, ìlú Kàdúná ló sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ẹ̀. Nígbà tó kúrò ní Ìlá ní ọmọge, kò mọ ẹni tí wọ́n ń pè ní aláìnílé. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá wó, agbo ilé á fún un ní yàrá. Wọ́n á bẹ ọ̀wẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ á fẹsẹ̀ po amọ̀, orin á máa dún lẹ́nu wọn, kí àgbàdo tó gbó, ilé ti dé òrùlé. Ìlú tó ń rò lọ́kàn ní gbogbo ọdún tó fi wà lẹ́yìn odi nìyẹn. Ìlú tó padà wá bá ni èyí tí àwọn arúgbó ti ń sùn nínú kíláàsì, tí wọ́n ń sáré ká ẹní wọn láàárọ̀ kí àwọn ọmọ ilé ìwé tó dé.

Èyí tó sì ń bí i nínú jù ni pé ilé wà. Ó wà lọ́nà Òkè-Ìlá, tuntun, ó kun ọ̀dà, ó ní fèrèsé onígíláàsì. Ẹgbẹ́ Ibùgbé Ìrọ̀rùn, àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun, ló kó ara wọn jọ kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú náà fún àwọn tí kò níbi tí wọ́n máa forí lé. Àgádágodo ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn. Alángbá nìkan ló ń wọlé tó ń jáde.

Mọ́tò kan dúró létí títì. Alàgbà Adéníran, alága ìgbìmọ̀ tó ń pín àwọn ilé náà, ló sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣí fìlà.

“Ẹ kú ewu o. Ẹ kú ewu. Ọlọ́run fi òfò ra ẹ̀mí.”

Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ ní àmín láìgbójú sókè. Alàgbà ká apá agbádá rẹ̀ sórí èjìká, ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ẹnì kan, ó kó amọ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá a wá yà á ní fọ́tò. Ó dá ṣọ́bìrì padà.

*

Sájẹ́ǹtì Olúkúnlé, ọlọ́pàá tí wọ́n rán wá síbẹ̀, ti mú ẹnì kan. Obed ni, ọ̀dọ́kùnrin ará Ọ̀tan Ayégbajú tó wáṣẹ́ wá sí Ìlá tí kò rílé háyà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Fáyọ̀kẹ́ ló ń sùn. Ẹrẹ̀ bò ó dé orúnkún, ẹkún sì ti wú u lójú.

“Gbogbo àdúgbò ló ti rí i tó ń gbẹ́ ilẹ̀ nídìí ògiri ẹ̀yìn, Màdáàmù,” ni Olúkúnlé wí fún Tinúadé. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni nígbà kan, kò sì tíì lè pe orúkọ rẹ̀ lójú. “Ṣọ́bìrì ẹ̀ nìyí.”

“Kí lò ń gbẹ́ ibẹ̀ fún, Obed?”

“Mo ń bu amọ̀ láti fi dí ojú ibi tó sán lára ògiri, mà. Màmá ló ní kí n bá òun dí i.”

“Níbo lo sùn lánàá?”

Obed wolẹ̀.

“Ẹ rí i?” ni Olúkúnlé wí. “Ojoojúmọ́ ló ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí. Ọjọ́ tí ilé wó gan-an ni kò sí níbẹ̀.”

“Aláìnílé sì ni,” ni Tinúadé dáhùn, “bí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀, òun ló ṣe é. Mo ti mọ̀ ọ́n ná.”

Ibi tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí ọ̀kadà kan já dé láti ọ̀nà Òkè-Ìlá. Ìyá àgbà kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó fi gèlè wé orí mọ́ etí, ó gbé báàgì náílọ́nù lé itan. Ọlọ́kadà náà, Sámúẹ́lì lorúkọ rẹ̀, dá ẹsẹ̀ kan lé ilẹ̀. Ìyá náà sọ̀ kalẹ̀, ó wo òkìtì, ó wo àwọn èèyàn.

“Kí lẹ ń wá nínú ilé mi?”

Obìnrin kan jókòó sínú ẹrẹ̀ láìmọ̀.

“Ẹ̀yin là ń wá, Màmá,” ni ẹnì kan sọ níkẹyìn.

“Ẹ ti rí mi,” ni Fáyọ̀kẹ́ wí. “Ilé mi ńkọ́?”

Ìgbà náà ni gbogbo ẹnu ṣí. Wọ́n yí i ká, wọ́n ń fọwọ́ kàn án lára bóyá lóòótọ́ ni. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ kú ewu, Màmá. Ọlọ́run fi òfò ra ẹ̀mí.” Ẹnì kan wí i, ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Ọlọ́run fi òfò ra ẹ̀mí o.”

Tinúadé ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Àfi bí ẹ̀rín ṣe dákẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó yíjú wá Alàgbà Adéníran.

Alàgbà ti dé ọ̀dọ̀ Fáyọ̀kẹ́. “Màmá, ẹ má banú jẹ́. Òjò kì í mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ òfin ẹbí yín. Ilé tí òjò bá wó, tí ẹni tó ń gbé e kò lágbára àtitún un kọ́, ẹbí ló ni ilẹ̀ rẹ̀. A ó bá yín wá ibì kan.”

“Ibo?”

“Kíláàsì kan ṣì ṣófo.”

“Àwọn ilé yín ọ̀nà Òkè-Ìlá ńkọ́?”

“Wọ́n ti kún.”

“Ta ló kún inú wọn?”

Alàgbà wo aago ọwọ́ rẹ̀.

“Bí ó bá wá jẹ́ pé òjò kọ́ ló wó o ńkọ́?” Tinúadé ló bèèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Ẹni tó bá wó o ló máa tún un kọ́,” ni Alàgbà wí. “Bẹ́ẹ̀ ni òfin wọn. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ wó ilé arúgbó?” Ó rẹ́rìn-ín, ó gba ìdí mọ́tò rẹ̀ lọ.

Fáyọ̀kẹ́ kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó jókòó lórí òkúta tó ti ń ta ẹ̀gúsí, ó gbé báàgì rẹ̀ lé ẹsẹ̀. “Tinúadé,” ló wí, “bó bá jẹ́ òjò, mo ti di ará kíláàsì. Bá mi wò ó.”

*

Ọ̀dọ̀ ọlọ́kadà ni Tinúadé ti bẹ̀rẹ̀.

“Ta ló ní kí o wá gbé Màmá?”

“Wọ́n pè mí lórí fóònù ni, mà. Ọkùnrin kan ní kí n tètè wá gbé wọn, pé àbúrò wọn ń kú lọ ní Òkè-Ìlá.”

“O mọ ohùn rẹ̀?”

“Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu. Nọ́ńbà náà ò sì lọ mọ́.”

“Ẹ̀yin náà, Màmá, báwo lẹ ṣe bá àbúrò yín?”

“Fáyọmí tó ń kú lọ? Iyán ló ń gún,” ni Fáyọ̀kẹ́ wí. “Ó ní ta ló ń ṣépè fún òun. A jẹun tán, òjò dé, mo bá sùn síbẹ̀. Sámúẹ́lì náà sùn sílé tiẹ̀ lọ́hùn-ún.”

“Ta lẹ sọ fún kẹ́ ẹ tó lọ?”

“Ta ni mo máa rí sọ fún? Gbogbo èèyàn ti sá wọlé, ojú ọ̀run ti ṣú.”

Tinúadé pe Sájẹ́ǹtì lọ sí ẹ̀yìn òkìtì. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó lóṣòó.

“Níhà ibo ni òjò àná ti wá?”

“Láti iwájú ilé, mà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé páànù àgọ́ wa lọ.”

“Ògiri wo ló wá dúró?”

Olúkúnlé wo ògiri iwájú. Òjò ti lù ú títí ó fi rí wúruwùru, ṣùgbọ́n ó dúró. Ti ẹ̀yìn, tí etí páànù gígùn ń ṣíji bò, tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ kàn, òun ló ṣubú tó fa òrùlé lọ́wọ́.

“Ó lè jẹ́ gbígbẹ́ tí Obed ń gbẹ́ ibẹ̀ ló—”

“Fọwọ́ kan ibí yìí.”

Nídìí ògiri, níbi tí odidi amọ̀ kan ti wó bo ilẹ̀ tí omi kò rí i wọ̀, àwọn ihò tóóró kan tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n jinlẹ̀, ẹnu wọn mú.

“Ṣọ́bìrì kì í dá irú ihò yìí,” ni Tinúadé wí. “Dígà ni. Inú wọn sì gbẹ. Wọ́n ti gbẹ́ ìdí ògiri tán kí òjò tó dé, wọ́n wá fi ìyókù sílẹ̀ fún òjò kó lè jẹ́ ẹlẹ́rìí èké.”

Sájẹ́ǹtì mí kanlẹ̀. “Ta wá ni, Màdáàmù?”

“Nígbà tí Alàgbà dé láàárọ̀, báwo ló ṣe kí wa?”

“Ó ní ẹ kú ewu.”

“Lẹ́yìn ìyẹn?”

“Ó ní Ọlọ́run fi…” Ẹnu Olúkúnlé dúró.

“Ìgbà wo là ń wí bẹ́ẹ̀?”

“Nígbà tí ẹrù bá lọ tí ẹ̀mí kù.”

“Níbo la rò pé ẹ̀mí Màmá wà lásìkò yẹn?”

“Lábẹ́ amọ̀.” Ó fọwọ́ nu ojú. “Ṣùgbọ́n Alàgbà ìjọ ni, mà. Bóyá ahọ́n ló yọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀fọ̀ ló fẹ́ kí ńkọ́?”

“A ó bi í. Kọ́kọ́ tú Obed sílẹ̀.”

Wọ́n tú u sílẹ̀. Kò lọ. Ó lọ lóṣòó ti òkúta Fáyọ̀kẹ́. Ìyá náà gbá a lórí fẹ́ẹ́.

“Wọ́n bi ọ́ níbi tó o sùn, o ò wí. Ṣé obìnrin lo lọ bá ni? Wí i, kò sí bàbá rẹ níbí.”

“Kì í ṣe obìnrin, Màmá.” Obed wo Tinúadé. “Alàgbà ló ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní tí mo bá fi lè ṣe é dáadáa, àwọn á fún mi ní yàrá kan nínú àwọn ilé tuntun yẹn.”

“Ṣe kí ni?”

“Kí n lọ bá àwọn ṣọ́ sìmẹ́ǹtì níbẹ̀ di àárọ̀.”

“O rí sìmẹ́ǹtì?”

“Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, mà. Ilẹ̀ òfìfo ni mo ṣọ́.”

“Inú ilé wo lo wà nígbà tí òjò ń rọ̀?”

“Wọ́n tì wọ́n pa. Mo fara ti ilẹ̀kùn kan. Òjò náà pa mí dé inú eegun.” Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. “Mo yọjú wo fèrèsé. Àwọn yàrá náà dára, mà. Iná ń bẹ níbẹ̀.”

Tinúadé ti rí apànìyàn rí, ó ti rí gbọ́mọgbọ́mọ, kò sì sí èyí tó bí i nínú tó èyí. Odidi ilé ṣófo, èèyàn ẹlẹ́ran ara dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nínú òjò, wọ́n ní kó máa ṣọ́ òfìfo, nítorí kí wọ́n lè ráyè lọ wó ibi kan ṣoṣo tó ń forí pamọ́ sí.

“Ẹ dìde,” ló wí. “Gbogbo wa là ń lọ.”

*

Alàgbà Adéníran ń jẹ ẹ̀wà àti dòdò ní pálọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n wọlé. Pálọ̀ náà tutù, kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ó rí Tinúadé, ó rí Sájẹ́ǹtì, ó rí Fáyọ̀kẹ́ àti Obed tí wọ́n tẹ̀lé wọn. Ó rọra gbé ṣíbí sílẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, Àǹtí Tinú. Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Bernice, àwọn àlejò dé o.”

Ìyàwó rẹ̀ yọ láti ilé ìdáná, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà.

“A ò ní pẹ́, Alàgbà,” ni Tinúadé wí. “Ẹ kí wa láàárọ̀ yìí, mi ò sì tíì dá yín lóhùn.”

“Ìkíni wo?”

“Ẹ ní Ọlọ́run fi òfò ra ẹ̀mí. Ẹ̀mí ta ni?”

“Ẹ̀mí Màmá náà kẹ̀.”

“Òkú Màmá là ń wá nígbà yẹn.”

Alàgbà rẹ́rìn-ín kékeré. “Ahọ́n mi ló yọ̀. Ọ̀fọ̀ ni mo fẹ́ kí yín. Òfò, ọ̀fọ̀, ẹ̀yin náà ẹ wo bí wọ́n ṣe sún mọ́ra.”

“Wọ́n sún mọ́ra lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kí ọ̀fọ̀ kì í fi ‘ra ẹ̀mí’ sí i nídìí. Òkú wo ni wọ́n máa ń kí báyẹn ní Ìlá?”

Sájẹ́ǹtì wúkọ́. Alàgbà mu omi, ó pẹ́ lẹ́nu ife náà.

“Ó dáa,” ló wí. “Mo rí Màmá lórí ọ̀kadà nírọ̀lẹ́ àná. Mo mọ̀ pé kò sí nílé. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?”

Tinúadé mí èémí tó ti ń pa mọ́ láti àárọ̀. Ibi tó ń dúró dè é nìyẹn, Alàgbà fúnra rẹ̀ ló sì rìn wọ ibẹ̀.

“Ẹ mọ̀ pé kò sí nílé.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ dé ibẹ̀, ẹ bá àwọn èèyàn tí èékánná wọn ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ bá àwọn ìyá tó káwọ́ lérí. Wọ́n ń họ ilẹ̀ wá ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Gbólóhùn kan péré lẹ ní í sọ, gbogbo wọn á gbé ṣọ́bìrì jù sílẹ̀. Ẹ ò sọ ọ́. Ẹ gba ṣọ́bìrì, ẹ bá wọn wá a, ẹ ya fọ́tò. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi dákẹ́, Alàgbà?”

Alàgbà gbé ife omi náà sílẹ̀.

“Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ á ti pariwo láti inú mọ́tò pé ẹ má gbẹ́ ẹ mọ́, mo rí i lánàá. Ẹ̀yin ò lè wí i, nítorí wọ́n á bi yín léèrè ẹni tó gbé e lọ.”

“Àǹtí Tinú—”

“Obed sọ fún wa nípa sìmẹ́ǹtì.”

Bernice ti dìde dúró. “Bàbá Faith,” ló wí, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, “ẹ dá wọn lóhùn.”

Alàgbà wo ìyàwó rẹ̀, ó wo oúnjẹ tó wà níwájú rẹ̀. “Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú,” ló wí. “Ẹ jẹ́ kó yé yín. Tìtorí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀. Odindi ilẹ̀ létí ọjà, tí ẹbí rẹ̀ ti gbà láti tà fún mi, ṣọ́ọ̀bù ló yẹ kó wà níbẹ̀, ìyá kan ṣoṣo wá dúró lórí ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó wá gba ilé tuntun, ó ní kí n kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ hàn òun.”

“Kọ́kọ́rọ́ náà dà?” ni Fáyọ̀kẹ́ bèèrè.

“Màmá…”

“Mo ní ó dà?”

“Ọwọ́ àwọn ará ilé mi ni wọ́n wà.” Ó tún rọra fi kún un, bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ọmọdé: “Wọn ò tíì ráyè wá láti Èkó.”

Tinúadé rò pé òun máa bú. Ó ti kó ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu, ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó ti ẹnu àgbàlagbà jáde. Kò rí i sọ. Fáyọ̀kẹ́ ti ṣíwájú rẹ̀.

“Sájẹ́ǹtì,” ni ìyá àgbà náà wí, “máa mú un lọ. Ṣùgbọ́n má ṣe é bí ẹran. Mo nílò ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì, òun ló máa po amọ̀ mi.”

“Màmá, níbo lẹ máa wà títí ìgbà náà?” ni Olúkúnlé bèèrè. “Ẹ jẹ́ ká bá yín sọ̀rọ̀ kíláàsì ná.”

“Kíláàsì kẹ̀.” Fáyọ̀kẹ́ bọ́ gèlè rẹ̀, ó ká a. “Ọmọ, nígbà tí bàbá mi wà láyé, ẹni tó bá jẹ gbèsè tí kò san, wọ́n á dógò tì í. Ológò á wọlé onígbèsè, á tẹ́ ẹní, á máa jẹ, á máa mu, ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ lé e, àfi ọjọ́ tí gbèsè bá tán. Ọkùnrin yìí jẹ mí nílé. Inú ilé ni màá jókòó sí.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́,” ni Alàgbà wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀. Ọlọ́pàá kò bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. “Ìjọ ń bọ̀ wá ṣe àdúrà níbí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.”

“Wọ́n á bá mi níbí. Èmi náà á ṣe àmín.”

Sájẹ́ǹtì wo Tinúadé, bóyá òfin gbà á. Tinúadé wo òrùlé. “Mi ò rí nǹkan kan, Sájẹ́ǹtì. Mo ti fẹ̀yìn tì.”

Olúkúnlé mú Alàgbà jáde. Obed ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kún fún ẹrẹ̀, ó ń wo kápẹ́ẹ̀tì funfun, kò mọ̀ bóyá kó wọlé.

“Kí lò ń wò?” ni Fáyọ̀kẹ́ wí fún un. “Wọlé, kí o ti ilẹ̀kùn. Atẹ́gùn ń wọlé.”

Ó yíjú sí Bernice. “Ìyàwó, yàrá wo ni kì í jò níbí?”

“Kò sí èyí tó ń jò, mà,” ni Bernice wí, ojú sì tì í.

“Ó ṣeun.” Fáyọ̀kẹ́ jókòó sórí àga Alàgbà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí kápẹ́ẹ̀tì náà, tamọ̀tamọ̀. “Bá wa bu ẹ̀wà wá.”